Ẹnu Dodzi, Ọwọ́ Esinam

Orí òkú ni ìfẹ́ Esinam àti Dodzi ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú rọ́bà ni. Nọ́ọ̀sì Lebene ló gbé e wá láti ìlú Ho nínú àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ní, "Ọkùnrin yìí kò mí mọ́. Ta ló fẹ́ gbà á là?" Ọ̀dọ́ mẹ́rìnlélógún ló ti yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èémí padà sára ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń bá iná jà, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé fún oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mira nínú wọn. Ẹnì kan ṣáà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ arákùnrin náà ná. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Efo Rọ́bà nìyẹn, nítorí Efo là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílùú wa tó wà láàrin òkun àti ọ̀sà yìí, a kì í sì í pe ẹni tó ju ni lọ lórúkọ gbáńgbá, ì báà jẹ́ rọ́bà.

Méjì méjì ni nọ́ọ̀sì pín wọn. Esinam, ọmọ Bàbá Kpodo tó ni àwọ̀n ńlá etí òkun, bọ́ sọ́dọ̀ Dodzi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Aránṣọ ni Esinam, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ju abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó gbé e lé àyà Efo Rọ́bà, àyà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kan òun.

"Ṣé bó o ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyẹn?" Dodzi bi í. "Bí ẹni tó ń wò bóyá búrẹ́dì ṣì gbóná."

"Ìwọ náà fún un ní èémí, ká rí ọ."

"Èmi? Ẹnu tí gbogbo ìlú ti ń fẹnu kàn láti àárọ̀?"

"Àbí ò ń jowú ni?"

"Kí ló dé tí mi ò ní jowú? Ẹ wo ọkùnrin tó sùn gbalaja, táwọn ọmọge ń tò dúró dè é."

Esinam rẹ́rìn-ín títí tí iye tó ń kà fi dàrú mọ́ ọn lójú. Nọ́ọ̀sì Lebene pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹ̀yin méjì yẹn, ọkùnrin yín ti kú lẹ́ẹ̀mejì!" Ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí oníkálukú ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Dodzi á tẹ àyà nígbà ọgbọ̀n, Esinam á fún un ní èémí lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi orin tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n tẹ̀ ẹ́, èyí tó ní "fà á o, fà á, okùn kì í parọ́", nítorí pé ìṣísẹ̀ orin náà bá ti ọkàn ènìyàn mu. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń pè wọ́n ní Ọwọ́ Dodzi, Ẹnu Esinam, bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n. Inú Esinam máa ń dùn sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní Sátidé kẹfà, iná ló kàn. Wọ́n dá iná sínú ààbọ̀ àgbá, wọ́n rẹ àpò kòkó sínú omi, oníkálukú á mú àpò náà, á fi bo iná láti iwájú ara rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún, á sì dúró tì í títí táá fi kú. Nígbà tó kan Dodzi, ó mú àpò, ó dúró. Omi ń kán láti ara àpò, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí ọmọ ẹni tó jẹ́. Esinam kúrò lórí ìlà, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó bo iná náà.

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ló ti bá a lẹ́yìn náà, tó jókòó lórí ògiri kúkúrú, tó kọjú sí ọ̀sà.

"Wọ́n á ti sọ fún ọ nílé yín," Dodzi ní.

"Wọ́n ti sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà yẹn. Wọ́n ń rọ epo ẹ́ńjìnnì nínú àgọ́ etí òkun, ẹnì kan ṣáná sí sìgá. Bàbá mi bẹ́ jáde, ó ń sáré, iná ń bá a sáré. Gbogbo ènìyàn ń pariwo pé kó máa sáré lọ bọ́ sínú òkun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dùbúlẹ̀, kó yí sínú yanrìn. Yanrìn ló wà níbẹ̀, Esinam. Gbogbo ibi tó ń sáré gbà, yanrìn ni."

Esinam gbé ọwọ́ rẹ̀, èyí tí kò lè tẹ àyà rọ́bà yẹn, lé ọwọ́ ọkùnrin náà. Ọjọ́ náà ló mọ̀ pé kò sí ọkùnrin mìíràn fún òun.

Nílùú wa, ẹni tí iná pa, ẹni tí omi gbé lọ, ẹni tí ọkọ̀ kọlù, a kì í gbé òkú rẹ̀ wọlé. Igbó òdìkejì ọ̀sà la ń sin ín sí, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ bí a bá ń ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa. Ilé tó fi sílẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa bú wọn. Wọ́n kàn máa ń yà fún wọn ni. Bí àwọn obìnrin bá jókòó yí àwo akple ká níbi ìsọmọlórúkọ, ìyá Dodzi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, á kí wọn, á sì máa lọ sílé láìjẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn kíláàsì ni Dodzi rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn Bàbá Kpodo láti tọrọ Esinam. Agbeko, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ṣáájú wọn pẹ̀lú ìgò sìnáàpù méjì. Esinam wà ní yàrá, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn, ọkàn rẹ̀ ń lù ju orin àwọ̀n lọ.

"Kpodo," Agbeko ní, "ọkọ̀ wa kan ló fẹ́ gúnlẹ̀ sí èbúté yín."

"Ẹ káàbọ̀. Ọkọ̀ ta ni?"

"Ti Dodzi ni, ọmọ olóògbé..." Agbeko bá dákẹ́.

Ìgbà tí Bàbá Kpodo máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá, èyí gan-an ló dun Esinam jù. "Ṣé o rí i, Agbeko? Ìwọ alára ò lè parí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọtí wà nílẹ̀, o ò lè dárúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ ta ni n óo wá fi pe ọmọ ọmọ mi?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìgò méjèèjì padà. "Ẹ má bínú. Ẹ kí ìyá rẹ̀ fún mi."

Bí wọ́n ṣe jáde ni Esinam bọ́ síta. "Bàbá, kí ni Dodzi ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ gidi ni. Ta ló ń bá mi tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe? Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi. Ká ní ó fún mi ní ọkùnrin kan, irú Dodzi ni ǹ bá tọrọ."

"Ẹ wá fún mi ní irú ẹ̀ lọ́kọ!"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń rò, àwọn ọmọ tó o máa bí ni. Kò sẹ́ni tó máa bú wọn. Wọ́n á kàn máa yà fún wọn." Ó dìde, ó sì lọ wo àwọ̀n rẹ̀.

Tasi Abla, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kpodo lóbìnrin, ló wá di alárinà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Obìnrin tó ń yan ẹja, tí èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bó bá gbé agbọ̀n ẹja àbọ̀bì kọjá ṣọ́ọ̀bù Esinam, á ní, "Mi ò rí nǹkan kan o, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ẹnì kan ní kó o wá sí etí ọ̀sà ní Tọ́sìdé, bí oòrùn bá ti rọ̀." Á tún lọ díẹ̀, á wẹ̀yìn. "Aṣọ búlúù yẹn ni kó o wọ̀. Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà, Dodzi kì í sọ̀rọ̀ bí tàtijọ́. "Bàbá rẹ ò parọ́," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Ṣé kí n wá mú ọ wọ ilé tí wọ́n ń yà fún?"

"Ilé tó o bá wà ni mo fẹ́ wọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọmọge nìyẹn. Jẹ́ kó pé ọdún márùn-ún tó o ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ, ká wá gbọ́ ohun tó o máa sọ."

Esinam máa ń bínú lọ sílé. Bó bá dé orí ẹní rẹ̀, á bi ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá ọdún márùn-ún á mú ìfẹ́ náà tán. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí ọjọ́ kan tí òun kì í ronú bí ọwọ́ Dodzi ṣe gbọ̀n lórí àpò kòkó yẹn.

Oṣù kẹjọ dé, ẹja ń wọ́ wá sí etí òkun wa, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ jókòó. Ọ̀sán gangan ni, Esinam ń bá Tasi Abla to ẹja sórí ààrò, ni wọ́n gbọ́ igbe. Ìgbì ti dojú ọkọ̀ Bàbá Kpodo dé níbi tó ti fẹ́ gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ àwọ̀n mẹ́fà lúwẹ̀ẹ́ jáde. Àwọ̀n wé Bàbá Kpodo lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fà á jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò mí mọ́.

Bí Esinam ṣe ń sáré bọ̀, ohun tó rí ni pé àwọn ènìyàn ń fà sẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ yí i ká. "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni àgbàlagbà kan ń wí. "Òkun ti mú un. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ etùtù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e." Obìnrin kan ti tú gèlè rẹ̀. Ọkàn gbogbo ènìyàn ti lọ sí igbó òdìkejì ọ̀sà.

Esinam la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Agbára tí kò rí lò fún Efo Rọ́bà ní odindi oṣù mẹ́ta, ó rí i lọ́jọ́ yẹn. Fà á o, fà á. Egungun kan ró kẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò dúró. Ó ka ọgbọ̀n.

Dodzi sáré dé láti inú omi níbi tó ti ń bá wọn fa ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì. "Bọ́ síbi orí, fún un ní èémí. Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n Esinam wo ẹnu bàbá rẹ̀, ẹnu tó ti dúdú, ẹ̀rù sì bà á. Ó rò pé bí òun bá fi ẹnu kàn án tó bá tutù, òun á mọ̀ pé ó ti lọ, ọwọ́ òun ò sì ní lè ṣe nǹkan kan mọ́.

"Rárá!" ó kígbe. "Ìwọ ni kó o fún un! Dodzi, jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o fún un!"

Dodzi wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ orí Bàbá Kpodo sẹ́yìn, ó di imú rẹ̀, ó fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, ó mí sí i. Àyà náà wú. Ó tún mí. Esinam tún tẹ̀. Ìgbà karùn-ún ni omi tú jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, ó wúkọ́, ó sunkún bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Àwọn tó dúró kò tíì rí irú rẹ̀ rí, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n súnmọ́ tàbí kí wọ́n sá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Kpodo lò ní ọsibítù. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, kò sẹ́ni tó tún pe Esinam lórúkọ. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin ààrò á ní, "Ìyàwó, ẹ má súnmọ́ èéfín o, ẹ máa ba ara yín jẹ́." Tasi Abla mú un lọ ra aṣọ. Bàbá Kpodo fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí ibùsùn pé ọjọ́ tí òun bá délé, kí wọ́n pe gbogbo ẹbí, kí wọ́n pe Dodzi, kí ìyá Dodzi náà wá, òun ní ohun ńlá tí òun fẹ́ ṣe. Esinam di irun tuntun. Ó wọ aṣọ búlúù yẹn.

Ọjọ́ náà pé, àgbàlá kún. Bàbá Kpodo dìde, ó ti rù, ó di igbá omi ìyẹ̀fun àgbàdo mú, Agbeko sì ń dì í mú lápá.

"Mo kú lójú gbogbo yín," ó ní. "Ẹ má wolẹ̀, mo mọ̀. Ẹ ti ń ronú ibi tí ẹ máa sin mí sí. Ìwé kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tí omi pa àti ẹni tí iná pa, orúkọ tèmi náà ti fẹ́ wọ inú rẹ̀. Èémí ta ni mo wá ń mí yìí? Tèmi ti bá òkun lọ. Èémí Dodzi ni. Ṣé a lè ní èémí kan náà, kí ẹ̀jẹ̀ wa má jẹ́ ọ̀kan?" Ó da omi náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀yin baba wa, ẹ gbọ́. Láti òní lọ, Dodzi kì í ṣe ọmọ ilé iná mọ́. Kpodo ni. Ọmọ tí mo bí ni. Ọkọ̀ mi, àwọ̀n mi, tirẹ̀ ni. Òun ni yóò sin mí. Ìyá rẹ̀, obìnrin ilé yìí ni, ẹ bu oúnjẹ fún un."

Ariwo ayọ̀ gba àgbàlá. Ìyá Dodzi dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi orí gbo yanrìn, àwọn obìnrin mẹ́ta sì gbé e dìde, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Tasi Abla nìkan ni kò pariwo. Ó di apá Esinam mú. "Yéè, Kpodo," ó sọ wẹ́rẹ́, "kí lo ṣe yìí?" Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé Esinam. Ó wá ojú Dodzi. Dodzi ń wo ìyá rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí àwọ̀n.

"Bàbá, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo fún un ní gbogbo ohun tí mo ní."

"Ẹ ò fún un ní èmi."

"Mo fún un. Arábìnrin rẹ̀ ni ọ́. Kò ní fi ìyà jẹ ọ́ láé." Kò gbé ojú sókè. Ìka rẹ̀ ń wá ibi tó ya lára àwọ̀n, ibi tó ti rí i tẹ́lẹ̀. Títí di òní, Esinam kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ló mú bàbá rẹ̀ ṣe é, àbí ọgbọ́n, àbí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ tí bàbá náà fúnra rẹ̀ kò lè yà wọ́n.

Tasi Abla gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn àgbà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó. Àṣà wa kò ní i nínú, nítorí kò tíì sẹ́ni tó kú bẹ́ẹ̀ tó padà rí. Ìgbẹ̀yìn, èyí tó dàgbà jù nínú wọn pe Esinam. "Ọmọ mi," ó ní, "omi tó ti kan ilẹ̀ kò ṣeé kó. Bó bá jẹ́ ọmọ bàbá rẹ ni, arábìnrin rẹ̀ ni ọ́, kò lè fẹ́ ọ. Bí kò bá sì jẹ́ ọmọ bàbá rẹ, á padà sí ilé iná, òun àti ìyá rẹ̀, bàbá rẹ ò sì ní fi ọ́ fún ilé iná. Èwo lo fẹ́ ká ṣe?"

Etí ọ̀sà ló ti pàdé Dodzi, fún ìgbà ìkẹyìn báyẹn.

"Ká lọ sí Lomé," Esinam ní. "Kò jìnnà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbẹ̀. Wọ́n ń rán aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe."

"Esinam."

"Ká lọ lónìí."

"Wọ́n sọ ọmọ kan lórúkọ ládùúgbò lánàá," Dodzi ní. "Ìyá mi jókòó. Ẹnì kan bu akple sí àwo rẹ̀, òmíràn ní ọbẹ̀ náà ò tó, ó tún bù sí i. Nígbà tó délé, ó ń sọ ọ́ fún mi, ó ń sọ bí ẹja inú ọbẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹja lásán, Esinam. Ó sọ ọ́ títí tó fi sùn. Bí mo bá bá ọ lọ, wọ́n á lé e dìde."

Esinam bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fà á. Iṣẹ́ mi ni èémí. Ẹ̀rù ló bà mí, ni mo bá gbé e fún ọ."

"Mo mọ̀. Mo rí i lójú rẹ."

"Kí ló dé tó o fi gbà?"

"Nítorí pé mo rí i lójú rẹ ni."

Wọ́n jókòó títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi kọjá lórí ọ̀sà. Dodzi kọ́kọ́ dìde, ó na ọwọ́ sí i láti fà á sókè, ó rántí, ó sì fà á padà. Esinam fúnra rẹ̀ dìde.

Ọdún méjì kọjá. Dodzi kó wá sí àgbàlá Bàbá Kpodo, ó ń tukọ̀, ó ń fa àwọ̀n, ìyá rẹ̀ ń sanra. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Lebene tún gbé Efo Rọ́bà wá, Dodzi àti Esinam ló ń ràn án lọ́wọ́ kọ́ àwọn ọmọ tuntun, ọ̀kan ní apá ọ̀tún kíláàsì, èkejì ní apá òsì. Nínú ilé, gbogbo àwọn àbúrò Esinam ń pe Dodzi ní Efo. Esinam kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á dúró títí ọkùnrin náà á fi wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá Kpodo rí i.

Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Senyo ló wá kan ilẹ̀kùn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn Esinam, ó sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti lọ síbì kan rí, òun lè dúró. Esinam kò kórìíra rẹ̀. Tasi Abla ní, "Kò pọn dandan kó o fò fún ayọ̀. Ṣáà jókòó tì í, wò ó." Ó jókòó tì í, ó wò ó fún oṣù méje.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọtí wá, àyà Bàbá Kpodo ń dùn ún, kò lè dìde nínú àga rẹ̀. Ọkùnrin ilé ló gbọ́dọ̀ gba ìgò, ọkùnrin ilé ló gbọ́dọ̀ bi ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí i. Dodzi dìde. Ó gba sìnáàpù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Senyo, ó kọjú sí Esinam.

"Esinam, àwọn ará ibí yìí gbé ọtí wá nítorí rẹ. Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á."

"Mo tún bi ọ́. Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á."

Ó yẹ kí Dodzi béèrè ìkẹta lójú ẹsẹ̀, kò béèrè. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Esinam gbé ojú sókè, ó sì rí ètè rẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀ láìsí ohùn, bó ṣe máa ń mì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó ń ka ọgbọ̀n. Ó ń fún un ní àyè. Bí òun bá ní kí wọ́n dá ọtí padà, Esinam mọ̀ pé Dodzi á dá a padà láìbi í ní ìdí, wọ́n á sì jọ máa gbé àgbàlá yìí, wọ́n á máa wo ara wọn láti ọ̀ọ́kán títí wọ́n á fi darúgbó. Ó wo ìyá Dodzi láàrin àwọn obìnrin. Ó wo bàbá rẹ̀ nínú àga, àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, pẹ̀lú èémí ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta," Dodzi ní. "Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á, Efo," Esinam ní.

Dodzi dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹríba, ó sì ṣí ọtí náà.